Ìyá Mùrí àti Àtẹ̀gùn Méjìdínlógójì

Ìyá Mùrí kú ní Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nínú yàrá wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọba, nílùú Ìwó níbí. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni wọ́n. Òùngbẹ ló pa wọ́n, bẹ́ẹ̀ omi kún inú ilé. Kẹ́ẹ̀gì omi méjì wà lẹ́nu ọ̀nà, ife wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, Kareemah ọmọ wọn sì jókòó tì wọ́n, ó ń bẹ̀ wọ́n pé, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn fi kan ètè." Wọn kò gbà.

Nígbà tí Kareemah lọ gba ìwé ẹ̀rí ikú nílé ìwòsàn ìjọba, ẹnikẹ́ni kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ orí òkú nìkan ni wọ́n bi í. Ó ní ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Wọ́n mi orí, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ogbó ló pa wọ́n, wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e.

Ogbó kẹ̀? Ní orílẹ̀-èdè tí ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ti ń gun orí pèpéle pé ọ̀dọ́ lòun, kí a dìbò fún òun? Ta ló sọ fún yín pé ogbó máa ń dá obìnrin dúró kó má mu omi? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó pa Ìyá Mùrí fún yín, nítorí mo mọ̀ ọ́n, àwọn tó lu òǹtẹ̀ náà sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Sífáwù Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ wọn gan-an. Mùrí, àkọ́bí wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin báyìí, ló jẹ́ ká máa pè wọ́n ní Ìyá Mùrí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba kan nílùú yìí. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Olóòtú ìwé ìròyìn wa ti sọ fún mi pé ilé ẹjọ́ kò jìnnà sí ọ́fíìsì wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá rí, tó gun àtẹ̀gùn rẹ̀, tó sì dúró láàárín méjì kí ó lè mí, ó ti mọ ibi tí mò ń wí.

Ìgbálẹ̀ ọwọ́ ni wọ́n ń lò, èyí tó máa ń mú ènìyàn tẹ̀ bí ọrun. Ilé ìwòsàn náà ní ìfọlẹ̀ onígi gígùn o, tí ènìyàn lè nàró lò. Méjìlá ni. Inú yàrá ìkẹ́rùsí ni wọ́n tì wọ́n mọ́. Bí àlejò bá ń bọ̀ láti Òṣogbo, wọn a kó wọn jáde, wọn a fi ọ̀kan lé Ìyá Mùrí lọ́wọ́, wọn a ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín sí fọ́tò. Bí ọkọ̀ àlejò bá ti yọ lẹ́nu géètì, wọn a gbà á padà. Ìyá Mùrí sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Olútáyọ̀, mo ti di ìfọlẹ̀ yẹn mú lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún. N kò tíì fi fọ ilẹ̀ rí."

Ọdún tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá mi ni mo mọ̀ wọ́n. Ìyá mi ń bẹ̀rù láti rìn. Ó gbà pé ilẹ̀ ń yọ̀, pé bí òun bá ṣubú, gbogbo ohun tí wọ́n rán yóò tú. Dókítà bẹ̀ ẹ́, kò dìde. Pásítọ̀ wa wá láti ilé ìjọsìn Onítẹ̀bọmi, ó gbàdúrà, kò dìde. Ìyá Mùrí wọlé pẹ̀lú àkísà gbígbẹ. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n nu ilẹ̀ láti ẹsẹ̀ ibùsùn títí dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n wá na ọwọ́ sí ìyá mi. "Ìyá Olútáyọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ó ti gbẹ. Èmi ni mo nù ún." Ìyá mi tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ṣíwájú ìyá mi, tí wọ́n ń fà á lọ́wọ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹsẹ̀. Ta ló rán wọn? Kò sí.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì nígbà tí ẹ̀yìn náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ìbàdí ti pàdé ẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí nǹkan yìí kò tíì ṣe rí, ẹ lè rò pé kí ènìyàn fi àbọ́níkì ra á, kó sùn, kó jí. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣe. Àárọ̀ ló kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ Ìyá Mùrí. Ẹni tó máa ń dìde kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbá wá di ẹni tó ń fẹ̀gbẹ́ yí, tó ń di ẹsẹ̀ àpótí mú, tó ń sinmi, tó tún ń yí, kí wọ́n tó lè jókòó. Lẹ́yìn náà ó gba ìwẹ̀. Wọn kò lè gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́, wọn kò sì lè tẹ̀ ba kí wọ́n wẹ ẹsẹ̀. Ó tó ọdún kan àbọ̀ tí ọwọ́ Ìyá Mùrí kò fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ ara wọn. Ó gba ìforíkanlẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n wá ń kírun lórí àga. Ó gba ọjà Odò-Ọ̀rì, nítorí wọn kò lè dúró pẹ́, wọn kò sì lè jókòó pẹ́ nínú kẹ̀kẹ́ tó ń ta wọ́n sókè sódò nínú kòtò.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo yà kí wọn. Mo bá wọn lórí ìdúró láàárín yàrá, wọ́n tẹjú mọ́lẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ìyá, kí lẹ ń wò?"

"Tẹ̀súbáà mi ni. Ó bọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti kírun Àìlà ni èmi àti òun ti ń wo ara wa."

Mo bá wọn mú un. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀yìn fi gbá wọn mú, wọ́n wá ní, "Má pa mí lẹ́rìn-ín mọ́ o." Èmi kò kúkú sọ ohun tó pani lẹ́rìn-ín.

Ohun tí wọn kò sọ fún mi, tí wọn kò sọ fún Kareemah pàápàá, ni ti ṣáláńgá. Ẹ̀yìn ilé ni ṣáláńgá wọn wà, èyí tí ènìyàn ń lóṣòó sí. Láti lóṣòó dà bí kí wọ́n fi ọ̀bẹ gún wọn, láti dìde dà bí kí wọ́n tún un gún. Ìyá Mùrí bá ṣe ìṣirò kan fúnra wọn: ẹni tí kò bá mu, kò ní lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mu ààbọ̀ ife omi láàárọ̀, ààbọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, ti ìrọ̀lẹ́ náà kúrò níbẹ̀.

Ìjọba gbọ́ igbe àwọn àgbàlagbà o! Ẹ má sọ pé ìjọba kò gbọ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, rédíò kéde pé ilé ìwòsàn náà ti dá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Ẹ̀yìn àti Orúnkún Àgbàlagbà sílẹ̀. Wọ́n ṣe ayẹyẹ, wọ́n já rìbọ́nù, wọ́n jẹ ìrẹsì. Ibo ni wọ́n wá gbé ẹ̀ka náà sí? Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì. Àtẹ̀gùn méjìdínlógójì, kò sí ọ̀nà mìíràn. Yàrá ńlá kan wà nísàlẹ̀, ó fẹ̀, ó ní fèrèsé mẹ́fà. Mo ti yọjú wo inú rẹ̀ fúnra mi. Àwọn àga tí wọ́n fi ṣe ayẹyẹ ìṣílé Ẹ̀ka Ìtọ́jú Ẹ̀yìn àti Orúnkún Àgbàlagbà ni wọ́n kó sínú rẹ̀.

Inú Ìyá Mùrí dùn nígbà tí wọ́n gbọ́ ìkéde náà. "Ibi iṣẹ́ mi ni. Wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀," ni wọ́n ń sọ. Kareemah gbé wọn lọ. Akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Olúdáre ló wà nídìí tábìlì nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Òkè ni o."

"Ọmọ mi, ẹ̀yìn ló ń dùn mí. N kò lè gun òkè."

"Ìyá, gbogbo àwọn tó ń wá síbí ni ẹ̀yìn ń dùn. Òkè ni wọ́n ti ń wò wọ́n."

"Ṣé dókítà kò lè sọ̀kalẹ̀ wá ni?" ni Ìyá Mùrí béèrè.

Olúdáre wo Kareemah bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ gbé òṣùpá wá. "Sọ̀kalẹ̀ kẹ̀? Òkè ni yàrá wọn wà, Ìyá. Bí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀, yàrá náà á ṣófo."

Ìyá Mùrí kò jà. Wọ́n kẹ̀yìn sí àtẹ̀gùn náà, wọ́n jókòó lórí èyí àkọ́kọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí gùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan, Kareemah ń gbé ẹsẹ̀ wọn tẹ̀lé wọn. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, wọ́n ń kí wọn pé ẹ kú ìrọ́jú. Nígbà tí wọ́n dé àárín, wọ́n na ìka sí igun ògiri kan, wọ́n ní, "Kareemah, wo ìdọ̀tí. Wọn kì í fọ ibí yìí mọ́." Láràárọ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àwọn ni wọ́n ń fọ àtẹ̀gùn yẹn, láti òkè wá sísàlẹ̀. Aago mẹ́wàá kọjá dáadáa kí wọ́n tó dé òkè, aṣọ wọn ti rin fún òógùn.

Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ́ tónítóní, gbójú sókè. "Ìyá, ta ló gbé yín gòkè?"

"Èmi ni mo gùn ún fúnra mi, ọmọ mi."

"Ẹ̀yin fúnra yín? Gbogbo àtẹ̀gùn yẹn?" Inú rẹ̀ dùn gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. "Ẹ kú oríire! Ẹni tí ẹ̀yìn ń yọ lẹ́nu kò lè gun ìyẹn láéláé. Ogbó lásán ni, Ìyá."

Kareemah ní òun fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe gùn ún. Dókítà ti ń kọ̀wé. Káàdì náà wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí: "Aláìsàn gun àtẹ̀gùn láìsí ìrànlọ́wọ́. Ara rẹ̀ le." Kò fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn wọn. Kò bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń wẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sùn, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ṣáláńgá. Ìbéèrè ti ṣáláńgá yẹn nìkan, bí ó bá bi wọ́n ni, ì bá ti gba ẹ̀mí là. Ó fún wọn ní ìwé ìmọ̀ràn kan, Kareemah sì kà á fún wọn lọ́nà ilé: má ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, má ṣe lóṣòó, má ṣe gbé ẹrù, má ṣe dúró pẹ́, má ṣe jókòó pẹ́.

Ìyá Mùrí gbọ́ ọ tán. "Ṣé kí n máa fò ni?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí wọ́n padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, àní àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ kò ṣeé jókòó lé. Kareemah fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ Olúdáre, ó sáré gòkè lọ bá dókítà, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n wà nísàlẹ̀."

"N kò lè wo aláìsàn tí kò sí níwájú mi."

"Bí ẹ bá yọjú lójú fèrèsé, ẹ óò rí wọn, sà."

Ọkùnrin náà dìde, ó yọjú. Ìyá Mùrí rí i látìsàlẹ̀, wọ́n juwọ́ sí i. Òun náà juwọ́ padà, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó padà jókòó, ó mú káàdì, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Kò wá."

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní irọ́ ni. Káàdì náà wà. "Kò wá" mẹ́ta ló wà níbẹ̀, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta ni Kareemah gbé wọn dé ibẹ̀ lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ pé: "Aláìsàn kò ka ìtọ́jú sí. A ti pa káàdì rẹ̀ dé." Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tó dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́rin ṣe di aláìbìkítà. Ẹni tó gun àtẹ̀gùn, ara rẹ̀ le, kò nílò dókítà. Ẹni tí kò lè gùn ún, kò wá. Ẹ bá mi wá ẹni kẹta tí ẹ̀ka yẹn lè tọ́jú. Mo ti wá a títí, n kò rí i.

Nígbà tí ooru ọdún yìí mú, Ìyá Mùrí ṣì ń mu ààbọ̀ ife wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lójú ọ̀sán. Wọ́n ń pe Kareemah ní orúkọ ìyá tiwọn. Ètè wọn ń bó. Kareemah sáré lọ pe Nọ́ọ̀sì Agnes, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní òpópónà kejì. Nọ́ọ̀sì Agnes fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ wọn sókè díẹ̀, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, awọ náà dúró bẹ́ẹ̀, kò padà.

"Ara wọn ti gbẹ. Ìgbà wo ni wọ́n ti mu omi kẹ́yìn?"

Ìyá Mùrí ló dáhùn fúnra wọn, ohùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Má fún mi lómi o, Agnes. Bí mo bá mu ún, màá ní láti lóṣòó."

Ọjọ́ náà ni a tó mọ̀. Kareemah ké. Nọ́ọ̀sì Agnes gbìyànjú láti fa omi sí wọn lára, kò rí iṣan ẹ̀jẹ̀. Kí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n pè tó dé, ó ti tán.

Ẹ jẹ́ kí n dé ibi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, nítorí ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé màá kọ ìwé yìí. A jókòó sábẹ́ àtíbàbà níwájú ilé. Ikọ̀ ènìyàn márùn-ún dé láti ilé ìwòsàn, ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ló ṣíwájú. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní òṣìṣẹ́ àtàtà ni màmá, pé ilé ìwòsàn kò lè gbàgbé wọn láé. "Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ wa fi pinnu láti fi orúkọ wọn sọ àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn wa. Láti òní lọ, Àtẹ̀gùn Ìrántí Sífáwù Àbẹ̀kẹ́ ni yóò máa jẹ́."

Ààfáà tó ń ṣàdúrà, tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yékéyéké, ní "Àmín." Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mo wo ojú ọkùnrin náà dáadáa, bóyá yẹ̀yẹ́ ló ń fi wá ṣe. Rárá o. Ó rò ó dénú. Omi tilẹ̀ lé sí i lójú.

Mùrí di orí mú. Kareemah dìde. "Ẹ ṣé gan-an, sà. Níbo lẹ fẹ́ kan òkúta tí ẹ ó kọ orúkọ náà sí mọ́?"

"Lókè pátápátá, kí gbogbo ènìyàn lè rí i. A ó fẹ́ kí mọ̀lẹ́bí wá ṣí i."

"Ẹ bá wa yọ orúkọ ìyá wa kúrò níbẹ̀. Nígbà ayé wọn, wọ́n wà nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ kọ ọ́ pé wọn kò wá. Ní báyìí tí wọn kò lè wá mọ́ lóòótọ́, ẹ wá ń pè wọ́n sókè."

Ọ̀gá àgbà ní ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu Kareemah. Wọ́n gba ìrẹsì tí a dì fún wọn, wọ́n lọ.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà o, kí ẹ má ṣèèṣì rò pé òun náà ń gun nǹkan kan. Mo bi í léèrè ìdí tí wọ́n fi gbé ìtọ́jú ẹ̀yìn àgbàlagbà lọ sókè. Ó ní, "Nítorí atẹ́gùn ni. Atẹ́gùn tútù pọ̀ lókè, àwọn àgbàlagbà sì nílò rẹ̀."

Nítorí atẹ́gùn ni wọ́n ṣe gbé arúgbó sórí àtẹ̀gùn! Mo ní ta ló pa àṣẹ náà. Ó ní ìgbìmọ̀ ni. Mo ní àwọn wo ló wà nínú ìgbìmọ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ ti túká. Mo ní kí ó fi ìwé ìpinnu wọn hàn mí. Ó ní ó wà nínú yàrá kan tí àga dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Mo ń béèrè níta gbangba báyìí, mo sì ń retí èsì níta gbangba. Kí ilé ìwòsàn tẹ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà jáde. Kí dókítà tó juwọ́ sí aláìsàn lójú fèrèsé wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú àwọn tó fún un ní ìwé àṣẹ iṣẹ́. Kí wọ́n pa "kò wá" mẹ́ta yẹn rẹ́, kí wọ́n kọ òótọ́ sí i, kí wọ́n sì fún Kareemah ní ìwé ẹ̀rí ikú mìíràn tó sọ ohun tó pa ìyá rẹ̀. Àwa ará Ìwó, ti Ilé-Ogbó, ti Kuta, tí a ń kó òbí wa lọ síbẹ̀, kí ni àwa náà ń wò? Ìgbà wo ni a bi ìyá wa kẹ́yìn bóyá wọ́n rí ọ̀nà lóṣòó?

Bí mo ṣe ń jáde lọ́jọ́ náà, mo bá bàbá kan lórí ilẹ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n na ẹsẹ̀. Bàbá Hussain ni orúkọ wọn, àgbẹ̀ iṣu láti Kuta. Wọ́n ní láti aago méje ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Wọ́n ní Olúdáre sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ máa gbìyànjú láti gun àtẹ̀gùn nílé, kí wọ́n padà wá ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun, bóyá wọ́n ti mu omi. Wọ́n ní rárá, pé àwọn kò fẹ́ mu omi kí àwọn má baà wá ibi tí àwọn ó tọ̀ sí.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, aago mẹ́jọ àárọ̀, èmi àti Kareemah yóò gbé Bàbá Hussain wá láti Kuta, Nọ́ọ̀sì Agnes náà yóò wà pẹ̀lú wa. A ó jókòó sísàlẹ̀. A kò ní gun ohunkóhun. Ọ̀gá àgbà, ẹ pe dókítà yín, ẹ ní kí ó sọ̀kalẹ̀ wá wo bàbá yìí.